Ṣé ẹyẹ inú gíláàsì yẹn kú?

Ìyá ọmọ kan kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ jẹ́ n gé e kúrú díẹ̀ kí gbogbo yín lè mọ ohun tí mò ń dá lóhùn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló rí àwòrán kan lórí fóònù mi. Àwọn òyìnbó kan yí tábìlì ká lálẹ́, ẹyẹ kan wà nínú gíláàsì lókè, ọmọbìnrin kan fọwọ́ bojú. Ó ní ṣé ẹyẹ náà kú ni? Mi ò mọ ohun tí màá sọ fún un. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwòrán sáyẹ́ǹsì ni, ti ìgbà ọ̀làjú ní Yúróòpù. Èwo wá ni sáyẹ́ǹsì nínú kéèyàn máa fi ẹ̀mí ẹyẹ ṣeré? Ṣé bí wọ́n ṣe máa ń ya sáyẹ́ǹsì nígbà yẹn náà nìyẹn?"

Ẹ ṣé gan-an ni, màmá ọmọ wa. Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn dáadáa o, torí ìbéèrè tó bi yín yẹn gan-an lọkùnrin tó ya àwòrán náà fẹ́ kó máa jà gùdù lọ́kàn gbogbo ẹni tó bá rí i, ó sì ti lé ní 250 ọdún tó ti ń jà bẹ́ẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún témi náà ti ń fi àwòrán yìí kọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, mi ò tíì rí ọmọdé kan rí tó kọ́kọ́ béèrè nípa ẹ̀rọ, ẹyẹ ni gbogbo wọn máa ń béèrè. Àwọn àgbà ló máa ń bi mí pé èló ni wọ́n tà á.

Joseph Wright lorúkọ ẹni tó yà á. Ọmọ ìlú Derby ni, láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bí i lọ́dún 1734, ó kú lọ́dún 1797, ọdún 1768 ló ya eléyìí. National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà báyìí, wọn kì í gbowó lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, ẹni tó bá ní ẹbí lọ́hùn-ún kó ní kí wọ́n lọ bá òun wò ó. Lórí fóònù ẹ ò lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ó ga tó 183 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ tó 244, ìyẹn ni pé òun nìkan á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ògiri pálọ̀ ẹlòmíì tán. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró síwájú ẹ̀, ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n yí tábìlì yẹn ká lóòótọ́, àmọ́ apá ọ̀dọ̀ wa ṣófo. Wọ́n fi àyè sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò ó lẹ máa dí àyè yẹn, ẹ ti di ara àwọn tó yí ẹyẹ ká nìyẹn, ẹ ò lè sọ pé ẹ ò sí níbẹ̀.

Ẹ̀rọ tí ẹyẹ wà lórí ẹ̀ yẹn, pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ fún ọmọ, ẹ mú ike omi tó ti ṣófo, ẹ fi ẹnu bò ó dáadáa kẹ́ ẹ wá fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ mu, ike yẹn á rún wọlé kẹ̀ẹ̀. Kì í ṣe ẹnu yín ló rún un o, afẹ́fẹ́ tó wà níta ló tì í wọlé, torí kò sí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ nínú mọ́ tó máa ti tòde padà. Gíláàsì tó nípọn tó sì rí roboto kì í rún bíi ti ike, ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣe lò ó, pẹ̀lú pé àwọn èèyàn á lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀. Sílíńdà méjì wà nísàlẹ̀, tí wọ́n bá ń fọwọ́ yí i ọ̀kan á máa lọ sókè, èkejì á máa bọ̀ nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ á ṣe máa jáde díẹ̀díẹ̀ títí ohun tó bá wà nínú gíláàsì ò fi ní rí nǹkan mí mọ́. Ilé ìwé girama témi lọ ní ọ̀kan nínú láàbù, gíláàsì ẹ̀ wà, rọ́bà ẹ̀ ló ti jẹrà. Tíṣà fíísíìsì wa á gbé e jáde, á nù ún, á ní "ká ní ó ń ṣiṣẹ́ ni", á tún gbé e padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi gbọ́ "ká ní ó ń ṣiṣẹ́ ni" yẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ wá nìyí, òun ló sì ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Kò sẹ́ni tó ń ṣàwárí nǹkankan nínú àwòrán yẹn. Otto von Guericke, ará Magdeburg ní Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣe irú pọ́ǹpù yìí ní nǹkan bí ọdún 1650. Òun náà ló mú abọ́ bàbà ńlá méjì, ó dojú wọn kora, ó fa afẹ́fẹ́ inú wọn jáde, ó wá so ẹṣin mẹ́rìndínlógún mọ́ ọn lọ́dún 1657, mẹ́jọ síhìn-ín mẹ́jọ sọ́hùn-ún, wọ́n fà á títí abọ́ ò yà bọ̀rọ̀. (Tẹ́ ẹ bá wo orí tábìlì nínú àwòrán Wright dáadáa, ẹ máa rí irú abọ́ méjì yẹn, kékeré ẹ̀, ó sinmi síbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.) Lẹ́yìn ẹ̀ ni Robert Boyle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí Robert Hooke bá òun ṣe èyí tó dáa jùyẹn lọ, ó wá tẹ ìwé nípa ẹ̀ jáde lọ́dún 1660. Ẹ ṣírò ẹ̀. Nígbà tí Wright fi máa gbé búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ náà ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, ó ti di ìran àpéwò. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan á di ẹ̀rọ wọn sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, wọ́n á máa lọ láti ìlú dé ìlú bí ẹgbẹ́ alárìnjó, àwọn olówó á sanwó, wọ́n á kó ìyàwó àtọmọ wá wò ó. Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ James Ferguson, ará Scotland, dé Derby lọ́dún 1762, nílùú Wright gan-an.

Ìyẹn ni mo fi máa ń sọ fáwọn ọmọ mi ní kíláàsì pé ẹ má wá àwárí nínú àwòrán sáyẹ́ǹsì ìgbà yẹn, ẹ wá ojú àwọn tó ń wò ó. Àwárí fúnra ẹ̀ ṣòro láti yà, ṣebí inú orí èèyàn ló ti ń ṣẹlẹ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ ya "ó yé mi báyìí"? Àmọ́ ojú ẹni tó ń wo ohun tí kò rí rí, ìyẹn ṣeé yà.

Ó dáa, ẹyẹ wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti Boyle, torí ìtàn náà dùn. Òun náà fi ẹyẹ àti eku sínú ẹ̀rọ ẹ̀, ó ń kọ ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń kú sílẹ̀ bí ẹni ń kọ gbèsè. Lọ́jọ́ kan ẹyẹ kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í jà, apá ẹ̀ ti nà sílẹ̀, ẹ̀mí ti fẹ́ bọ́, làwọn obìnrin kan tó wà níbẹ̀ bá figbe ta pé kó ṣàánú ẹyẹ o, ló bá yára ṣí táàpù kí afẹ́fẹ́ wọlé, ẹyẹ bá sọjí. Boyle fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé 1660 yẹn. Ọmọ yín àtàwọn obìnrin yẹn, ohùn kan náà ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Ìgbà tó fi máa di ayé Ferguson, Ferguson náà kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tó bá ní àánú díẹ̀ lójú ò lè wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, òun á kúkú lo àpò ìtọ̀ ẹran nínú gíláàsì, èyí tó máa ń wú tó sì máa ń sọ̀ bí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ rí i pé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an ti ń fi ẹyẹ sílẹ̀ nígbà yẹn. Wright ló dá ẹyẹ padà, ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Irú ẹyẹ wo ló tún wá fi síbẹ̀? Nígbà tó kọ́kọ́ ń dán an wò, àwòrán àkọ́yà yẹn ṣì wà, ó wà lẹ́yìn àwòrán kan tó ya ara ẹ̀, ẹyẹ lásán bí ẹyẹ oko ló yà. Ìgbà tó wá fẹ́ ya èyí tó tóbi, ló bá yí i padà sí ẹyẹ funfun ńlá kan tó jẹ́ ìbátan odídẹrẹ́, cockatoo ni wọ́n ń pè é, ọkọ̀ òkun ló ń gbé e bọ̀ láti ìlà oòrùn ayé lọ́hùn-ún, owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n alárìnjó kankan tó máa fi irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ tafala, ìyẹn á dà bí ẹni fi màálù wo bóyá ọ̀bẹ mú. Kí ló wá dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀? Èmi rò pé nítorí funfun yẹn ni. Nínú ilé tó ṣókùnkùn bẹ́ẹ̀, nǹkan funfun tó ga sókè, tí ìyẹ́ apá ẹ̀ kan nà, gbogbo Krìstẹ́nì ayé ìgbà yẹn mọ ohun tó jọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ya àdàbà ẹ̀mí mímọ́ sókè bẹ́ẹ̀ nínú àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìmọ́lẹ̀ yẹn náà, ibi ṣọ́ọ̀ṣì ló ti wá. Ṣé ẹ rí i pé àbẹ́là kan ṣoṣo ló ń tan gbogbo ilé, a ò tiẹ̀ rí àbẹ́là ọ̀hún gan-an, ìgò ńlá kan ló dí i lójú, omi kan tó dúdú díẹ̀ wà nínú ìgò náà, nǹkan kan sì wà nínú omi tọ́pọ̀ èèyàn ní agbárí ni. Kó tó dìgbà Wright, àwọn tó ń ya irú ìmọ́lẹ̀ òru báyìí, bíi Gerrit van Honthorst ará Netherlands, ìbí Jésù ni wọ́n sábà máa ń fi í yà, ìmọ́lẹ̀ á máa ti ara ọmọ jòjòló jáde, àwọn darandaran á yí i ká, ẹnu á yà wọ́n. Wright mú ọmọ jòjòló kúrò, ó gbé gíláàsì síbẹ̀. Ó fi àwọn tẹ́nu yà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Èmi ò mọ ohun tó gbójú tó bẹ́ẹ̀ nínú àwòrán ọ̀rúndún yẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká wo àwọn èèyàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Mẹ́wàá ni wọ́n. Lápá òsì, ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan dúró, ojú ara wọn ni wọ́n ń wò, ẹyẹ ìbáà kú ìbáà yè kò kàn wọ́n. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ gbà pé Thomas Coltman àti Mary Barlow ni, ọ̀rẹ́ Wright, wọ́n ṣègbéyàwó lọ́dún 1769, ó sì tún padà ya àwòrán tọkọtaya náà. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá débẹ̀, ṣebí irú wọn ò ní ṣàì sí níbikíbi téèyàn bá péjọ sí. Ọkùnrin kan jókòó, aago wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń ka ìṣẹ́jú. Ọmọkùnrin kan wà nítòsí ẹ̀, ó kàn ranjú mọ́ ẹyẹ, kò káàánú, kò bẹ̀rù, ó fẹ́ mọ̀ ni ṣá. Lápá ọ̀tún làwọn ọmọbìnrin méjì yẹn wà, ẹ̀gbọ́n fọwọ́ bojú, àbúrò ò lè gbójú kúrò àmọ́ ó di aṣọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mú gírígírí. Ọkùnrin kan, ó jọ bàbá wọn, fọwọ́ kan gbá wọn mọ́ra, ó fi èkejì nàka sókè pé ẹ wò ó, ẹ má bẹ̀rù. Bàbá rere ni àbí bàbá burúkú? Mo ti rí kíláàsì tó pín sí méjì lórí ọkùnrin yìí títí wọ́n fi fẹ́ jà. Lápá ọ̀tún yẹn náà ni bàbá arúgbó kan jókòó sí, ó fara ti ọ̀pá, kò tiẹ̀ wo ẹyẹ rárá, ìgò tó wà níwájú ẹ̀ ló ń wò sùn-ùn. Tó bá jẹ́ pé agbárí ló wà nínú ìgò yẹn lóòótọ́, a mọ ohun tí bàbá ń rò.

Láàárín gbogbo wọn, ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra ẹ̀, irun gígùn tó ti ń funfun, aṣọ pupa gbọ̀ọ̀rọ̀, bí ẹni tó fẹ́ pidán. Òun nìkan ló kọjú sí wa. Ọwọ́ ẹ̀ kan nà sọ́dọ̀ wa, èkejì wà lókè gíláàsì lórí táàpù kékeré tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹyẹ ti ṣubú sísàlẹ̀ gíláàsì, apá ẹ̀ kan ti ṣí sílẹ̀. Tó bá ṣí táàpù báyìí, ẹyẹ á yè. Tí kò bá ṣí i, ó parí nìyẹn. Kò tíì ṣe nǹkankan. Títí dòní ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò tíì ṣe nǹkankan. Nítorí náà màmá ọmọ wa, tẹ́ ẹ bá fẹ́ dáhùn ọmọ láì parọ́ fún un, ẹyẹ náà ò tíì kú, wọn ò sì tíì dá a sí. Mo mọ̀ pé ọmọdé kì í fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀.

Ìbéèrè yín kejì, ṣé bí wọ́n ṣe ń ya sáyẹ́ǹsì nígbà yẹn náà nìyẹn. Rárá o. Wright nìkan gan-an, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń yà á. Ọdún méjì ṣáájú, ní 1766, ó gbé àwòrán kan jáde tó ṣojú rere ju ti ẹyẹ lọ. Ẹ̀rọ ìràwọ̀ ni wọ́n yí ká níbẹ̀, àwọn òrùka irin ńlá tó fi bí ayé àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ń yí oòrùn po hàn, àtùpà kan ni wọ́n gbé sí ipò oòrùn. Àwọn ọmọdé fara lé etí ẹ̀rọ náà, ìmọ́lẹ̀ ń tàn sí wọn lójú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní àkàrà gbígbóná, kò sẹ́ni tó ń sunkún. Mùsíọ̀mù Derby ló wà dòní. Washington Shirley, Earl Ferrers karùn-ún, ló rà á ní 210 pọ́ùn, ọkùnrin tóun náà fẹ́ràn ìmọ̀ ìràwọ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ṣáájú ẹ̀ jẹ oyè náà, ó yìnbọn pa òṣìṣẹ́ tó ń bá a mójú tó dúkìá ẹ̀, wọ́n sì yẹgi fún un lọ́dún 1760. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ káwọn tó kù nínú ìdílé máa wojú ọ̀run, ẹ má dá mi lóhùn jàre.

Èyí tó sún mọ́ àwárí gidi jù nínú iṣẹ́ Wright lọdún 1771 ló yà á, ó sì tún fọwọ́ kàn án lọ́dún 1795. Bàbá arúgbó kan kúnlẹ̀ nínú ilé ògbólógbòó kan tó rí bíi ṣọ́ọ̀ṣì, ìgò ń tan ìmọ́lẹ̀ funfun báláú níwájú ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ nà, ojú ẹ̀ wà lókè bí ẹni ń gbàdúrà. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló rí. Ọ̀rọ̀ gidi tó wà nídìí ẹ̀ ni pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hennig Brand, ará Hamburg, ń wá bó ṣe máa sọ nǹkan di góòlù lọ́dún 1669. Ìtọ̀ ló ń sè. Ẹ ò ṣì mí kà, ìtọ̀ èèyàn, garawa garawa, ó ń sè é títí á fi gbẹ. Kò rí góòlù, ohun tó rí ń tàn nínú òkùnkùn. Wright ò ya òórùn, kò sì ya garawa. Ìyàlẹ́nu ọkùnrin náà ló yà. Àwọn kan ní ó fi ń bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tó ń wá góòlù kiri, èmi ò gbà, ẹ wo bó ṣe fìmọ́lẹ̀ sórí irùngbọ̀n ẹ̀, ó bọ̀wọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ ká sọdá sí Faransé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ya onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gidi tí gbogbo ayé mọ orúkọ ẹ̀, ẹ wo àwòrán Lavoisier àti ìyàwó ẹ̀ tí Jacques-Louis David yà lọ́dún 1788, ó wà ní Metropolitan Museum ní New York. Òun ni Lavoisier tó fún ọ́síjìn ní orúkọ tí gbogbo ọmọ ilé ìwé ń pè é. 7,000 livres, owó Faransé ìgbà yẹn, ni wọ́n san fún David. Nínú ẹ̀ Lavoisier jókòó nídìí tábìlì tí wọ́n fi aṣọ pupa bò, ó ń kọ̀wé, ó gbójú sókè wo ìyàwó ẹ̀ tó dúró tó fọwọ́ lé e léjìká, ìyàwó sì ń wo àwa. Àwọn gíláàsì iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì, ọ̀kan wà nílẹ̀, roboto, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé hàn lára ẹ̀. Marie-Anne kì í ṣe ìyàwó tó kàn wá dúró kí wọ́n yà á o. Ó kọ́ yíyà lọ́dọ̀ David fúnra ẹ̀, òun ló ya àwòrán ẹ̀rọ mẹ́tàlá tó wà nínú ìwé kẹ́mísìrì tí ọkọ ẹ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 1789, àpò tó ń kó àwọn àwòrán ẹ̀ sí sì wà lórí àga lẹ́yìn ẹ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn á wò ó kọjá.

Àmọ́ ibi tó dùn kù. Lọ́dún 2021 làwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ̀mù yẹn sọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń lo irú ìtànṣán ẹ́síréè yẹ àwòrán náà wò. Àwòrán míì wà lábẹ́ ẹ̀! Nínú tàkọ́kọ́, fìlà ńlá kan wà lórí ìyàwó, pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù àti òdòdó, irú èyí táwọn olówó Paris ń dé kiri nígbà yẹn, kóòtù ọkọ náà yàtọ̀, tábìlì jẹ́ ti olówó, kò sì sí gíláàsì iṣẹ́ kankan. Àwòrán tọkọtaya olówó ni David kọ́kọ́ yà. Lẹ́yìn náà ló pa fìlà rẹ́, ló kó sáyẹ́ǹsì wọlé. Tí mo bá rántí eléyìí mo máa ń ronú nípa àwọn èèyàn wa tó máa ń ya fọ́tò pẹ̀lú ìwé ńlá ńlá lẹ́yìn, ìyẹn ò sọ pé wọn ò kàwé o, Lavoisier kàwé, ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹnìkan ló jókòó pinnu pé gíláàsì ló yẹ kí ayé rí, kì í ṣe fìlà. Ìdí sì wà fún un. Owó tí Lavoisier fi ń ra ẹ̀rọ, ibi owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ aráàlú ló ti ń wá, ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn agbowó orí ọba. Nígbà tí ìjọba yí padà tí inú ń bí aráàlú, wọ́n bẹ́ òun, bàbá ìyàwó ẹ̀ àtàwọn agbowó orí míì lórí lọ́jọ́ kan náà, 8 oṣù karùn-ún 1794, méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n. David, ọkùnrin tó yà wọ́n yìí, wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń rí sí mímú èèyàn nígbà náà. Gíláàsì ò gba ẹnikẹ́ni là.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á béèrè pé ṣé kò sí èèyàn dúdú kankan nínú gbogbo èyí ni. Ó wà. Francis Williams, ọmọ Jàmáíkà, àwọn òbí ẹ̀ ti gba òmìnira, wọ́n sì lówó, ó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbé orúkọ ẹ̀ lọ síwájú Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1716, ìwé ìròyìn kan wá kọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà náà pé àwọ̀ ẹ̀ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ dá a padà. Àwòrán ẹ̀ kan wà ní mùsíọ̀mù Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1928, kékeré ni, ó dúró nínú yàrá ìwé ẹ̀ pẹ̀lú wíìgì, ìwé lọ́tùn-ún lósì, fèrèsé ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ọdún gbọọrọ làwọn kan fi sọ pé àwòrán yẹ̀yẹ́ ni, pé ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀ bó ṣe tín-ín-rín, ẹ wo orí ẹ̀ bó ṣe tóbi, ọ̀gá oko ìrèké kan tó ń jẹ́ Edward Long sì ti fi òun alára ṣẹ̀fẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ lọ́dún 1774. Àfi lọ́dún 2024 tí òpìtàn kan, Fara Dabhoiwala, gbé àbájáde iṣẹ́ ẹ̀ jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ yẹ àwòrán náà wò fínnífínní. Ó ní ìwé Newton ló ṣí sílẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ Williams, ojú ewé tó ṣàlàyé béèyàn ṣe ń ṣírò ọ̀nà ìràwọ̀ onírù, pé ìràwọ̀ onírù tí Halley, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ó ń bọ̀, tó sì yọ lóòótọ́ lọ́dún 1759, wà lójú ọ̀run lẹ́yìn fèrèsé yẹn. Ìyẹn ni pé ọkùnrin náà ń sọ fún wa pé ó yọ, mo rí i, mo sì mọ ìṣirò ẹ̀. Kí n má fi ibì kan pamọ́ o, Francis Williams náà jogún ẹrú. Ayé wọn rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nínú gbogbo àwòrán tí mo dárúkọ, tiẹ̀ ló máa ń mú mi dákẹ́ jù, torí nínú ti Wright ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń ṣàfihàn, àwọn yòókù ń wò, nínú ti Williams ọ̀kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun ló wò ó, òun ló ṣírò ẹ̀.

Ẹ padà sọ́dọ̀ ọmọ báyìí. Ẹnìkan ṣì wà nínú àwòrán ẹyẹ tí mi ò tíì ṣàlàyé, ẹni kẹwàá. Ọmọkùnrin kan ló dúró lápá ọ̀tún pátápátá, nídìí fèrèsé, òṣùpá ń yọ láàárín ìkùukùu lẹ́yìn ẹ̀. Okùn wà lọ́wọ́ ẹ̀, àgò ẹyẹ tó ṣófo ló so mọ́ okùn yẹn, ó sì bojú wẹ̀yìn wo ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ fi ìka fẹ ibẹ̀ lórí fóònù kó tóbi dáadáa. Ẹ wá bi ọmọ yín léèrè pé àgò yẹn, ṣé ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ẹyẹ lè padà wọlé ni, àbí ó ń fà á sókè torí kò ní í wúlò mọ́? Ohun tó bá sọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, mo ń kó ìdáhùn àwọn ọmọdé sórí ìbéèrè yìí jọ.